Ààrò Tí A Kò Dáná Sí Rí

Bí ẹ bá dé ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Apo, ní Abuja, tí ẹ ní Ìyá Diméjì ni ẹ ń wá, aṣọ dúdú ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn aṣọ ni ẹ ó tó rí ojú rẹ̀, lẹ́yìn ojú ni ẹ ó rí ọwọ́ rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ ńlá ti sọ di líle bí awọ bàtà. Aṣọ ìjókòó ọkọ̀ ni ó ń rán. Bí àga ọkọ̀ bá ti gbó, tí fóòmù rẹ̀ ti yọ síta, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá, yóò sì fi awọ tuntun bò ó títí tí ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò fi máa jókòó sí i tìṣọ́ratìṣọ́ra, bí àlejò. Dọ́káàsì ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò pè é bẹ́ẹ̀? Ìyá Diméjì ni gbogbo Apo mọ̀.

Èmi ni Wàsílátù, ìyá Ameen. Ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín yàrá mi àti tirẹ̀. Páńẹ́lì bítà, ẹni tí ń na ara ọkọ̀ tí ó bá tẹ̀, ni ọkọ mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Rẹ́wáyà ni ọkọ tirẹ̀, ẹni tí ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe. Àtíbàbà wọn kangun sí ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ni ó ṣe. Bí mo bá ń dá sí i ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ fi orí jì mí, ẹnu mi kò mọ bí a ti ń sinmi.

Hezekiah ni orúkọ ọkọ rẹ̀. Ọmọ Ìyàgbà ni àwọn méjèèjì, ní apá ìwọ̀-oòrùn Kogi, níbi tí wọ́n ti ń kí ara wọn pé "Okun o" láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni Hezekiah. Yóò wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni ẹ ó máa rí níta, ìyàwó rẹ̀ yóò sì máa bá ẹsẹ̀ náà sọ̀rọ̀ láti ìdí maṣíìnì rẹ̀. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹsẹ̀ ni Ìyá Diméjì fẹ́, pé kò mọ bí orí ọkọ rẹ̀ ti rí. Wọn a rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Hezekiah jáde lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó di àyà mú, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kò sì dìde mọ́.

Ilé ni àwọn ènìyàn wọn máa ń gbé òkú lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà abúlé wọn kò ṣeé rìn nígbà náà. Àwọn ajínigbé wà nínú igbó, àwọn ará abúlé fúnra wọn sì ti ń kó kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà ẹbí sọ lórí fóònù pé kí wọ́n sin ín sí Abuja, pé àwọn kò fẹ́ kí wọ́n torí òkú pàdánù alààyè. Bí wọ́n ṣe sin Hezekiah sí itẹ́ òkú láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí nìyẹn. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá Diméjì kò sunkún. Mo ń wo ojú rẹ̀ ṣáá, ọkàn mi kò sì balẹ̀, nítorí èmi mọ ohun tí ẹkún tí kò jáde máa ń ṣe fún ènìyàn.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí ó ń dúró dè. Ní agbo ilé ọkọ rẹ̀, wọ́n ní bí opó ṣe ń bọ́ aṣọ dúdú. Lọ́jọ́ tí ìyàwó bá kọ́kọ́ wọ ilé wọn, ìyá ọkọ rẹ̀ yóò fi àpáàdì bu ẹyín iná nínú ààrò tirẹ̀, yóò gbé e fún un, òun ni yóò sì fi dá iná àkọ́kọ́ rẹ̀. Wọn kì í ṣá ìṣáná sí i. Bí ọkọ bá wá kú, tí ọdún sì yípo, opó yóò padà sí ìdí ààrò yẹn, yóò gbá eérú inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, yóò sì gbé e jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Kì í dá jáde. Ìyàwó ilé kan, ẹni tí wọ́n fẹ́ wọ agbo ilé náà bíi tirẹ̀, ni yóò dúró níta, tí yóò fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pè é, yóò ní kí ó máa bọ̀. Orúkọ yẹn gan-an, kì í ṣe ìyá lágbájá. Orúkọ tí ó gbé wá láti ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ní yóò fi jáde kúrò lọ́dọ̀ òkú. Ìgbà tí wọ́n bá pè é tí ó jáde tán ni yóò tó bọ́ aṣọ.

Èmi kò rí ìdí rẹ̀. Nígbà tí ọkọ tèmi kú, mo ṣe opó bí ẹ̀sìn mi ti là á sílẹ̀. Nígbà tí ó pé, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ mi padà, mo sì ń bá ayé lọ. Mo ní, "Ìyá Diméjì, ta ni ń ṣọ́ ọ ní Abuja níbí? Bọ́ nǹkan yìí, jẹ́ kí a rímú mí." Pásítọ̀ rẹ̀ náà bá a sọ̀rọ̀, ó ní Ọlọ́run kò sí nínú aṣọ. Ó dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aṣọ dúdú náà ni. Kì í jiyàn. Ìyẹn ni ó ń bí mi nínú jù, nítorí èmi fẹ́ràn ẹni tí yóò bá mi jiyàn.

Ọ̀rọ̀ náà kì bá ti le tó bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ti ọmọ. Diméjì nìkan ni ó bí. Ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní báńkì kan. Lọ́lá ni ìyàwó rẹ̀, ọmọ Èkìtì tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Abuja. Lọ́lá ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ sọ ọ́, ó máa ń rọra yan ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Nígbà tí ó bí ọmọbìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Olúwadárasími, a sì ń pè é ní Dárà. Gbogbo wa rọ́ lọ sí ọsibítù. Ìyá Diméjì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Lọ́lá na ọmọ sí i. Ó sún sẹ́yìn, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní, "Ọlọ́run yóò dá a sí fún wa." Láti ibi tí ó dúró sí ni ó ti ń wo ọmọ náà, ó wò ó bí ẹni tí ebi ń pa.

Ní ilé wọn, aṣọ òkú kò gbọ́dọ̀ kan ọmọdé. Opó tí wọn kò tíì pè jáde kì í gbé ọmọ. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún Lọ́lá, Lọ́lá sì ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n mo bá a ní kíṣíìnì mi nígbà kan, ó ń fi etí aṣọ nu ojú.

"Mama Ameen, mo mọ̀ pé it's tradition," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n every time tí Mummy bá kó ọwọ́ sẹ́yìn báyẹn, ó máa ń ṣe mí bíi pé èmi gan-an ni wọn ò fẹ́."

Mo bu omi fún un kí ó fi bọ́jú.

Dárà jókòó, ó rá, ó rìn. Bí ó bá ti rí ìyá bàbá rẹ̀, yóò sáré tọ̀ ọ́ lọ, ìyá náà yóò sì kó ọwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí ó pẹ́, ọmọ náà gbà pé bí a ti ń kí Mama nìyẹn. Yóò dúró níwájú rẹ̀, yóò kó ọwọ́ kéékèèké tirẹ̀ náà sẹ́yìn, yóò máa rẹ́rìn-ín. Àwọn mẹkáníìkì rò pé eré ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Èmi kì í lè wò ó.

Diméjì àti ìyá rẹ̀ gbìyànjú láti lọ sílé lẹ́ẹ̀kan. Lokoja ni wọ́n ti yí padà, nítorí ẹni tí yóò mú wọn wọ abúlé pè wọ́n pé kí wọ́n má ṣe dé ibẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà, nígbà òjò tí ó kọjá, ìbátan wọn kan tí ó rọ́nà dé abúlé fi fídíò ránṣẹ́. A jọ wò ó lórí fóònù Diméjì níwájú yàrá mi. Agbo ilé ti dá páropáro. Ilé ìdáná ti wó, ògiri rẹ̀ ti di ẹrẹ̀, koríko sì ti hù níbi tí ààrò wà. Ìyá Diméjì ní kí ọmọ rẹ̀ tún un fi hàn òun. Ó wò ó tán, ó dá fóònù padà.

"Ó tán nìyẹn," ni ó wí. "Inú aṣọ yìí ni ẹ ó sin mí sí."

Ó padà sí ìdí maṣíìnì rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè, kò sì sọ ọ́ kí a lè bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ yẹn ni èmi tí mo ti ń pariwo pé kí ó bọ́ aṣọ wọlé lọ sunkún, nítorí mo rí i pé obìnrin yìí yóò kú láìgbé ọmọ ọmọ rẹ̀ rí.

Kò pẹ́ sí i ni Diméjì wá bá mi. Ó ní báńkì àwọn kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ ṣe fàájì ní apá Kwali, sí ọgbà kan tí wọ́n kọ́ oríṣiríṣi ilé àtijọ́ sí, ilé Gbàgyí, ilé Hausa, ilé àwọn ará etí odò, kí àwọn ènìyàn lè máa wá wò wọ́n.

"Ilé Ìyàgbà wà níbẹ̀, mà," ni ó wí. "Wọ́n mọ ilé ìdáná sí i. Ààrò wà nínú rẹ̀. Mo ti bá bàbá tí ń tọ́jú ibẹ̀ sọ̀rọ̀."

Mo bú mọ́ ọn. "Ṣé ilé ìwòran ni o fẹ́ kí ìyá rẹ ti lọ bọ́ aṣọ opó? Ṣé orí rẹ pé?"

"Kí ni ká wá ṣe, mà?" ni ó dáhùn, ó sì dorí kodò. Ojú Hezekiah ni mo rí lójú rẹ̀. Mo lọ bá ìyá rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi kan bò. Ó ní, "A lè lọ wò ó." N kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìrètí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ wọ ọkọ̀ ní àárọ̀ Sátidé, mo rí i pé ìgbálẹ̀ ọwọ́ kan wà nínú báàgì rẹ̀, wọ́n fi aṣọ àdìrẹ kan wé e. Mo gbé ojú kúrò bí ẹni pé n kò rí i.

A kọjá Gwagwalada, a dé Kwali, a ra iṣu lẹ́bàá ọ̀nà pé a ó gbé e lọ sílé. Àwọn obìnrin amọ̀kòkò to ìkòkò sí ẹnu ọ̀nà ọgbà náà. Nínú ọgbà, ilẹ̀ mọ́, igi pọ̀, àwọn ilé sì jìnnà sí ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú okùn tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé. Mo rí yàrá róbótó àwọn Gbàgyí, mo rí ògiri Hausa tí wọ́n fín sí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi fóònù ya ara wọn níwájú irú ilé tí bàbá wọn sá kúrò nínú rẹ̀. Inú ń bí mi díẹ̀, ṣùgbọ́n ilé wọ̀nyẹn rẹwà, n kò ní purọ́. Dárà ń sáré síwájú wa. Ìyá Diméjì ń bọ̀ lẹ́yìn pátápátá.

Bàbá tí ń tọ́jú ọgbà náà ń dúró dè wá. Sànúsí ni orúkọ rẹ̀. Gbàgyí ni, ṣùgbọ́n ó ti ṣe bíríkìlà ní Ìlọrin rí, nítorí náà ó gbọ́ Yorùbá. "Sànnu, Mama," ni ó kí i, ó sì tú okùn ẹnu ọ̀nà ilé Ìyàgbà fún wa. Ìyá Diméjì bọ́ bàtà rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ògiri, ó tẹ̀ ẹ́, ó mi orí. A gba inú ilé já sí ilé ìdáná lẹ́yìn. Wọ́n mọ ààrò síbẹ̀ dáadáa, wọ́n to ìkòkò tuntun sí ara ògiri. Ó lóṣòó sídìí ààrò náà, ó fi ìka nu inú rẹ̀, ó sì nà án sí wa. Ìka náà mọ́.

"Wọ́n mọ̀ ọ́n kọ́," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n wọn ò dáná síbẹ̀ rí. Kí ni mo fẹ́ gbá?"

Diméjì wá ṣe nǹkan kan tí n kò ní gbàgbé láéláé. Ó ti ronú sí i. Ó mú láílọ́nù kan jáde láti inú báàgì, ó tú u, eérú ni ó kún inú rẹ̀, èyí tí ó lọ bù lọ́dọ̀ ẹni tí ń yan ẹja ní àdúgbò rẹ̀. "Mummy, mo ti mú un wá," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n dà á síbẹ̀." Ó fẹ́ dà á. Kì bá ṣe pé àánú rẹ̀ ṣe mí, ǹ bá gbá a létí. Ọkùnrin tí ó gbọ́n bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó rò pé eérú ni eérú ń jẹ́.

Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò bínú sí i. "Diméjì, eérú ta ni èyí? Ta ni ó jẹ oúnjẹ tí wọ́n fi iná rẹ̀ sè? Eérú tí mo fẹ́ gbé jáde, èyí tí mo fi se oúnjẹ bàbá rẹ ni." Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Lọ́lá yí ojú sí ògiri. Ó rí i pé a tún ti pàdánù rẹ̀, pé bí a ṣe wá ni a ó ṣe padà, ọmọ kò sì ní kúrò ní ọwọ́ òun lọ sí ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ láéláé. Diméjì ṣì di láílọ́nù eérú náà mú, kò mọ ibi tí yóò jù ú sí.

Sànúsí ni ó sọ̀rọ̀. Ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí a ti wọlé, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Mama, ibi tí wọ́n bí mi sí, títì ni báyìí," ni ó wí. "Mọ́tò ń gba orí ilé ìyá mi kọjá. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá kọ́ ilé wa síbí, mo kọ́ ọ bíi ti ìyá mi. Ó dára, ṣùgbọ́n kò ṣe mí bí ilé. Ni mo bá ní kí ìyàwó mi máa wá se oúnjẹ níbẹ̀, a sì ń jẹ ẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Kai, ó di ilé! Iná wà ní ààrò wa báyìí. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ wá bù ú."

Ìyá Diméjì yí ojú sí i. "Ibẹ̀ ni ẹ ti ń jẹun lóòótọ́?"

"Ní ojúmọ́ gbogbo, Mama."

Ó bojú wo ààrò tí ó mọ́ náà, ó bojú wo ọmọ rẹ̀. "Èmi náà kò dáná níbí rí," ni ó wí, "gẹ́gẹ́ bí n kò ti dáná nílé ọkọ mi rí, kí n tó dé ibẹ̀." Ó ní kí wọ́n bá òun wá àpáàdì.

Ìyàwó Sànúsí, Nafisah, obìnrin àgbà kan tí kò gbọ́ Yorùbá kankan, ni ó bu ẹyín iná náà láti ilé Gbàgyí. Ọkọ rẹ̀ sọ bí ọ̀rọ̀ ti rí fún un lójú ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpáàdì náà wá, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ó má baà kú. Ìyá Diméjì kúnlẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Nafisah fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó ní, "Yauwa," pé ó dára bẹ́ẹ̀. Wọ́n ki igi bọ ààrò, iná mú, èéfín gba gbogbo orí koríko tí wọ́n fi bo ilé náà. Àwọn ọ̀dọ́ kan sáré wá pẹ̀lú fóònù. Sànúsí lé wọn.

Iṣu tí a rà lẹ́bàá ọ̀nà ni ó sè. Kò sí ẹni tí ó bá a bẹ ẹ́. Ó ní ọwọ́ òun nìkan ni. Nígbà tí ó jinná, ó kọ́kọ́ bu èyí tí ó dára jù, ó da epo sí i, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ti bàbá yín," ni ó wí. Ó jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé e fún Diméjì. "Jẹ ẹ́."

Diméjì jẹ oúnjẹ bàbá rẹ̀, omijé sì ń kán sínú àwo náà. Gbogbo wa jẹun nínú ilé ìdáná yẹn, Sànúsí àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú, a jókòó sílẹ̀. Mo rántí ọkọ tèmi náà, èmi tí mo ti bá ayé lọ, mo sì rí i pé ayé tí mo bá lọ yẹn, ó ní ibi tí mo fi ọkọ mi sílẹ̀ sí tí n kò padà lọ wò.

Nígbà tí iná kú, tí eérú tutù, Ìyá Diméjì mú ìgbálẹ̀ rẹ̀ jáde. Ó ní kí gbogbo wa bọ́ síta. A dúró ní ẹ̀yìnkùlé, a ń gbọ́ bí ìgbálẹ̀ ti ń ha ilẹ̀. Ó dáwọ́ dúró. A retí rẹ̀, kò jáde. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé wọ́n gbọ́dọ̀ pè é. Mo la ẹnu, nítorí èmi ni àgbà obìnrin tí ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo pa á dé. Kì í ṣe ilé Ọládùnjoyè, agbo ilé Hezekiah, ni wọ́n fẹ́ mi sí. Mo yí ojú sí Lọ́lá. Diméjì náà yí ojú sí i.

Lọ́lá rí ojú wa, ẹ̀rù sì bà á. "Èmi kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè pe Mummy lórúkọ! My mother will kill me." Òótọ́ ni. Ìyàwó wo ni yóò la ẹnu pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Ọ̀pọ̀ Yorùbá ni kò yé Lọ́lá, ṣùgbọ́n èyí yé e láti kékeré. Ó gbá Dárà mọ́ra, ó ń mi orí.

Ohùn Ìyá Diméjì ti inú ilé ìdáná jáde, ó rẹlẹ̀.

"Lọ́lá. Ìwọ ni ìyàwó ilé. Àwọn yòókù ti tú ká. Èmi àti ìwọ ni ó kù."

Mo rí bí ọ̀rọ̀ yẹn ti bà lé Lọ́lá. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé. Ó sọ ọmọ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ mi, ó kúnlẹ̀ nínú iyanrìn, ó sì pè é. Kò jáde lẹ́nu rẹ̀ dáadáa. Ìyá Diméjì kò tíì jáde. Lọ́lá nu ojú, ó gbé ohùn sókè.

"Dọ́káàsì! Ẹ máa bọ̀, mà. Dọ́káàsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa."

Orúkọ àti "ẹ" àti "mà" ni ó pa pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tún un ṣe fún un.

Ìyá Diméjì bẹ̀rẹ̀ jáde pẹ̀lú igbá eérú lọ́wọ́. Ó gbé e lọ sí ìdí igi tí ó wà lẹ́yìn ilé, ó dà á síbẹ̀, ó sì kọjá sẹ́yìn ògiri. Nígbà tí ó padà wá, àdìrẹ tí ó fi wé ìgbálẹ̀ ni ó ró mọ́ àyà. Aṣọ dúdú ti di ìdì kékeré lábẹ́ apá rẹ̀. Ó gbé e fún Lọ́lá, Lọ́lá sì gbà á. Ó bu omi fọ ọwọ́. Ó wá lóṣòó níwájú Dárà, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i.

Dárà wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kó ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn.

Lọ́lá fẹ́ ti ọmọ náà síwájú, mo di apá rẹ̀ mú. Ọmọ náà kò ṣe ohun tí ó burú, bí wọ́n ti kọ́ ọ ni ó ń ṣe. Ìyá Diméjì kò kó ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó na ọwọ́ náà síbẹ̀ títí tí mo fi rò pé yóò ṣubú. Ẹ̀rín tán lójú Dárà. Ó ń wo ọwọ́ tí kò rí nítòsí rí. Ó yọ ìka kan láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi kan ibi tí abẹ́rẹ́ ti sọ di líle. Lẹ́yìn náà ni ó gbé gbogbo ọwọ́ náà lé e.

Ìyá Diméjì gbé e. Ó dìde pẹ̀lú rẹ̀, ó yí ojú sí ilé ìdáná tí òórùn èéfín ṣì wà lára rẹ̀.

"Bàbá Diméjì," ni ó wí, "ọmọ yín rèé. Mo ti gbé e."

Ìgbà náà ni ẹkún rẹ̀ tó jáde.